Ọwọ́ Tó Mọ Ìwọ̀n Ẹ̀tù

Bí ìbọn bá dún lóru ní àwọn abúlé ẹ̀yìn Akànràn, tàbí lápá Ìròkò ní Akínyẹlé, ẹni tó dàgbà láàárín ọdẹ kì í kọ́kọ́ béèrè ẹran tí wọ́n pa. Á tẹ́tí sí ìró náà ná. Ìró tó wúwo, tó dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì parí, ti ọdẹ tó mọ iṣẹ́ ni. Èyí tó han gooro, tí igbó gbà títí tí ajá abúlé fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, ti ẹni tó bu ẹ̀tù jù ni. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe ṣìì kó tó bú gbàmù, ẹ̀tù rẹ̀ ti mu omi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ọdẹ tó gbé àpò rẹ̀ délé, etí àwọn ará ilé ti ṣèdájọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ní ìrọ̀lẹ́ àná.

A máa ń yin ọdẹ fún ojú tó ríran nínú òkùnkùn, fún ẹsẹ̀ tí kì í tẹ igi gbígbẹ, fún ohùn tó fi ń sun ìjálá. Gbogbo rẹ̀ ló tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tó ń jókòó ṣe, lórí àpótí lẹ́bàá ògiri, nígbà tí ojúmọmọ ṣì wà, tí ẹni tó ń kọjá lè rò pé ó kàn ń fi ọwọ́ ṣeré ni: yíyan ẹ̀tù, wíwọ̀n ọ́n, àti kíkì í sínú ìbọn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a wò dáadáa. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lówó lọ́wọ́ lè bu ẹ̀tù púpọ̀. Mímọ ibi tó ti tó ni iṣẹ́.

Ṣakabùlà ni ìbọn tí mò ń sọ, èyí tí alágbẹ̀dẹ rọ tàbí tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ, tí wọ́n ń ki láti ẹnu. Kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó bá ọdẹ wọn nǹkan sílẹ̀ nínú rẹ̀. Irú ẹ̀tù, iye rẹ̀, ohun tí wọ́n fi dí i, iye ọta àti bó ṣe tóbi tó, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ le tó: ọwọ́ kan náà ló pinnu gbogbo rẹ̀. Ojú ẹni tó ni ọwọ́ yẹn ni yóò sì súnmọ́ ọn jù lọ nígbà tí iná bá ràn. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà ọdẹ kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn bá wọn ki ìbọn, ì báà ṣe ọmọ tí wọ́n bí.

Yíyan ló ṣáájú. Bàbá ọdẹ á da ẹ̀tù díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ojú á wá wóró rẹ̀: ṣé ó dọ́gba, àbí ńlá àti kékeré ti dàpọ̀ mọ́ eruku? Eruku jẹ́ àmì pé ẹ̀tù náà ti rìn jìnnà, tó ti ń gbá ara rẹ̀ nínú agolo, tàbí pé ẹni tó tà á ti fi èédú lú u. Lẹ́yìn ojú, ìka ló kàn. Wọ́n á fi àtàǹpàkò àti ìka kejì rọra yí wóró náà. Èyí tó dára máa ń le díẹ̀. Kò ní fọ́ kíá, kò sì ní fi dúdú púpọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́. Èyí tó bá rọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ra wọn, omi ti wọ̀ ọ́. Kódà bí wọ́n bá sá a sóòrùn tó gbẹ, kò ní ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí pé omi ti fa iyọ̀ inú rẹ̀ jáde wá sára.

Ìdánwò iná ló gbẹ̀yìn. Wọ́n á bu ìwọ̀nba tí èékánná lè gbé sórí irin pẹlẹbẹ, jìnnà pátápátá sí àdó tí ìyókù wà, wọ́n á sì fi igi gígùn tó ń jó lórí kàn án. Ẹ̀tù tó pé á tàn fùú lẹ́ẹ̀kan, èéfín á gòkè, ojú irin á fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Èyí tí kò pé á máa ta káàkiri, á jó díẹ̀, á dúró díẹ̀, á sì fi ẹ̀kán dúdú tàbí wóró funfun sílẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ń wo iná. Bàbá ń wo ohun tí iná fi sílẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló di ẹ̀tù dúdú: èédú, imí ọjọ́, àti iyọ̀ kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní saltpetre. Iyọ̀ yìí ló jẹ́ kí ẹ̀tù lè jó nínú ihò tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀. Ohun tí iná fẹ́ fà nínú afẹ́fẹ́ ti wà lára rẹ̀. Iná kì í sì í jó wóró ẹ̀tù láti inú wá. Ara rẹ̀ lóde ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí wóró bá wẹ́, ara tí iná rí gbá mú á pọ̀, gbogbo rẹ̀ á sì jó tán kí a tó ṣẹ́jú. Bí wóró bá tóbi, iná á pẹ́ díẹ̀ lára rẹ̀, agbára á sì máa jáde ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n irin ìbọn mọ̀ ọ́n, èjìká ẹni tó yìn ín náà sì mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀tù fi ń fi asẹ́ yọ ọ́ sí ìpele: èyí tó wẹ́ fún ìbọn kékeré, èyí tó tóbi fún ìbọn ńlá àti àgbá. Ọdẹ tó mọṣẹ́ ń lo ọgbọ́n kan náà. Èyí tó wẹ́ jù ni ti etí ìbọn, níbi tí iná ti ń kọ́kọ́ ràn. Èyí tó ní wóró ni ti inú.

Ní ilẹ̀ Ìbàdàn, ìgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀tù kì í ṣe ti ọdẹ nìkan. Etí òkun ló ń gbà wọlé, Ìbàdàn sì jìnnà sí òkun. Ẹni tó bá di ọ̀nà mú ló di ẹ̀tù mú. Ní 1877, Ààrẹ Látòósà, tó ń ṣe olórí Ìbàdàn nígbà náà, rán àwọn oníṣòwò lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) láti ra ìbọn àti ẹ̀tù, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá lórí ìrìn àjò náà. Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn láàárín Ìbàdàn àti àwọn Èkìtì òun Ìjẹ̀ṣà kò tú ká títí di 1893, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì ń sé ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn kí ẹ̀tù má baà dé ọ̀dọ̀ wọn. Lójú ogun náà ni ṣakabùlà ti pàdé Snider, ìbọn tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó bá àwọn ará ilé wọn wá, èyí tí wọ́n ń ki láti ìdí, tí ọta àti ẹ̀tù rẹ̀ ti jọ wà nínú kàtíríìjì kan ṣoṣo. Jagunjagun Ìbàdàn tó wà níwájú irú ìbọn bẹ́ẹ̀ mọ iyì gbogbo wóró ẹ̀tù tó kù nínú àdó rẹ̀.

Nígbà tí ogun fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, àwọn ìjọba òyìnbó fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Brussels ní 1890. Wọ́n fi de títa ìbọn ìgbàlódé ní apá tó pọ̀ jù lọ ní Áfíríkà, láti ìlà 20 lápá àríwá dé ìlà 22 lápá gúúsù. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ ìbọn olókùúta ìṣáná àti ẹ̀tù ọjà lásán sílẹ̀, pé ìyẹn lè máa wọlé. Bí ọgbọ́n kíkì láti ẹnu ṣe pẹ́ lọ́wọ́ wa tó bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀yìn irú òfin yẹn. Ní 1968 àti 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ abúlé Ìbàdàn kọ owó orí tó ti pọ̀ jù fún wọn, tí wọ́n ní ọgbọ̀n ṣílè ni àwọn lè san, irú ìbọn yìí náà ló wà lọ́wọ́ wọn. Táfà Adéoyè ló ṣáájú wọn, Akànràn sì wà lára ibi tí ẹgbẹ́ wọn, Àgbẹ́kọ̀yà, ti rinlẹ̀ jù. Ní oṣù September 1969, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi. Àgbẹ̀ ni wọ́n ní ọ̀sán, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ṣọdẹ lóru. Ìbọn tí wọ́n fi ń ṣọ́ ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ ọ̀yà ni wọ́n gbé wọ ìgboro.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àpótí. Kí ẹ̀tù tó wọlé, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ki ìbọn ló kọ́kọ́ ń wọlé. Bàbá á rọra jù ú sínú ìbọn. Bó bá balẹ̀ tó dún lórí irin, ìbọn ṣófo. Bí ohùn rẹ̀ bá kú, nǹkan wà níbẹ̀. Wọ́n á tún wo bí orí ọ̀pá náà ṣe yọ tó lẹ́nu ìbọn. Ìka ni òṣùwọ̀n wọn: wọ́n á to ìka pọ̀ sára ibi tó yọ, wọ́n á sì mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ láìtú u. Ìbọn tí wọ́n ti kì, tí wọ́n gbàgbé, tí wọ́n tún ki òmíràn lé lórí, ikú ọlọ́wọ́ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ni wọn kì í fi í fo ìgbésẹ̀ yìí, kódà bí wọ́n bá búra pé àwọn mọ̀ pé ó ṣófo.

Ẹ̀tù kì í ti inú àdó bọ́ sínú ìbọn tààrà. Wọ́n á kọ́kọ́ dà á sínú ìwo kékeré tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, wọ́n á dé àdó náà pa, wọ́n á sì gbé e sí ẹ̀yìn. Bí iná tín-ín-rín kan bá ṣì fara pamọ́ sí ìsàlẹ̀ irin láti ìgbà tí wọ́n yìn ín kẹ́yìn, ohun tó wà nínú ìwo nìkan ló lè jó. Àdó á yè, ilé á yè. Ojú wọn kì í sì í wà lókè ẹnu ìbọn rárá. Èmi tí mò ń wòran pàápàá, wọ́n fi ọwọ́ júwe pé kí n sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òwe tí wọ́n ń pa fún irú mi ni pé ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun?

Ẹ̀tù wọlé tán, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara ìbọn pẹ́pẹ́, kó lè wálẹ̀ dé ìdí. Àkísà tó gbẹ tàbí kànrìnkàn tó gbẹ ló tẹ̀ lé e. Ohun tó bá ní òróró lára kò gbọ̀dọ̀ débẹ̀, nítorí pé òróró á wọ ẹ̀tù, ẹ̀tù á sì kọ iná. Wọ́n á wá fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pá á máa rì, ohùn rẹ̀ á rọ̀. Bó ṣe ń tó, ohùn á máa le. Nígbà tó bá yá, ọ̀pá á bẹ̀rẹ̀ sí í ta padà sókè díẹ̀ nínú ọwọ́ wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń dúró. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ kọjá ibẹ̀, wóró ẹ̀tù á fọ́ di eruku, á sì jó kánkán ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ. Bí wọn kò bá tẹ̀ ẹ́ débẹ̀, àyè á ṣẹ́kù láàárín ẹ̀tù àti ọta. Àyè yẹn ni wọ́n ń bẹ̀rù jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà: òun ló ń mú kí irin wú láàárín, òun ló sì ń mú kó là. Lẹ́yìn náà ni ọta á wọlé, àkísà kékeré mìíràn á sì bò ó, kó má baà yí jáde nígbà tí ọdẹ bá dorí ìbọn kodò.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn na ọwọ́ sí àdó. “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un, ẹran ńlá lẹ ní ẹ ń lọ bá.” Wọ́n gba àdó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n da díẹ̀ padà sínú rẹ̀ láti inú ìwo, wọ́n ní, “Ta ni o fẹ́ fi pa, ẹran ni àbí èmi?”

Ìdáhùn yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́. Ẹni tí kò tíì kọ́ṣẹ́ á rò pé ọta tó wúwo ń béèrè ẹ̀tù tó pọ̀. Ọmọ náà rò bẹ́ẹ̀, kò sì jẹ̀bi. Ó dọ́gba lójú ẹni. Ṣùgbọ́n ọta tó wúwo kì í tètè ṣí kúrò níbi tó wà. Bó ṣe ń lọ́ra, iná ẹ̀tù kò dúró dè é. Èéfín gbígbóná ń pọ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀, àyè kò sì sí. Agbára tí kò bá rí ọta gbé lọ, ara irin ló máa kọjú sí. Ọkọ̀ akẹ́rù tó bá rì sínú ẹrẹ̀ lásìkò òjò, èjìká ni a fi ń tì í, ká má sì dáwọ́ dúró títí táyà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹni tó bá ní kí òun ta á nípàá lẹ́ẹ̀kan kó jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ṣẹ́. Nítorí náà, bí ọta bá ń wúwo sí i, ọdẹ á dín ẹ̀tù kù, tàbí kó lọ fún èyí tí wóró rẹ̀ tóbi, tí iná rẹ̀ ń tì, tí kì í gbá.

Àwọn tó ń ki ọta ìbọn ìléwọ́ fúnra wọn ní Amẹ́ríkà gba ọ̀nà ìnira dé ibi kan náà. Elmer Keith, tó di ìlúmọ̀ọ́ká láàárín wọn, ń yìnbọn ṣe àjọ̀dún òmìnira ilẹ̀ wọn ní 4 July 1925 nígbà tí ìbọn .45 àtijọ́ kan bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọta tó wúwo àti ẹ̀tù dúdú ló kì sínú rẹ̀. Ó fi .45 sílẹ̀, ó lọ bá .44 tí irin ilé ọta rẹ̀ nípọn jù ú lọ. Nígbà tí ẹ̀tù kan tí wọ́n ń pè ní 2400 jáde ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó rí i pé òun ló bá ọta wúwo mu, torí pé ó lọ́ra láti jó. Iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ohun tó bí ìbọn .44 Magnum ní 1955. Òun ní òṣùwọ̀n tó ń wọn ohun tó fúyẹ́ ju ìyẹ́ lọ, ó sì ní ìwé tí ilé iṣẹ́ kọ iye sí. Bàbá tó wà lórí àpótí ní ìwo, ìka àti etí. Òfin tí àwọn méjèèjì ń tẹ̀ lé kò yàtọ̀.

Bíbu ẹ̀tù jù tún ní àbùkù kejì tí kì í pa ènìyàn, àmọ́ tó ń pa òwò. Nínú ìbọn tí inú rẹ̀ dán, bí ẹ̀tù bá ti pọ̀ jù, ọta á fọ́n káàkiri kó tó dé ara ẹran. Àárín á ṣófo, ẹran á sì bá àárín náà sá lọ. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ á ní òun yìn ín dáadáa. Òótọ́ ni, ìró rẹ̀ dé abúlé kejì.

Ẹran tí wọ́n ń wá ló ń sọ ohun tí wọ́n máa kì. Fún àparò tó ń fò kúrò nínú koríko ní ẹ̀gbẹ́ oko àgbàdo, ọta wẹ́wẹ́ ni, ẹ̀tù á sì lè yá díẹ̀. Ọ̀yà inú oko ẹ̀gẹ́ ní Lálùpọn tàbí Ẹrúnmu kì í jìnnà sí ọdẹ nígbà tí iná tí ọdẹ dè sórí bá bá a lójú, nítorí náà kò nílò ariwo. Ọta tó tóbi díẹ̀, ẹ̀tù níwọ̀nba, kí awọ má baà fàya kí ẹran sì ṣeé tà. Ìgalà ló ń béèrè ọta ńlá, ibẹ̀ sì ni ìwo ti ń dín kù, tí ọ̀pá ti ń pẹ́ lórí àkísà. Ọdẹ tó bá fẹ́ pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lálẹ́ kan á kì fún ọ̀kan, á sì jẹ́ kí àwọn yòókù kọjá. Èyí náà wà lára ìwọ̀n.

Ojú ọjọ́ ní tirẹ̀. Lásìkò òjò, àdó máa ń wà ní ibi gbígbẹ tó jìnnà sí ààrò, èdídí rẹ̀ á fún pinpin, ọdẹ á sì fi ọ̀rá tàbí awọ wé etí ìbọn títí di ìgbà tó bá fẹ́ yìn ín. Ẹ̀tù etí ìbọn ló máa ń kọ́kọ́ mu ìrì, nítorí náà wọ́n á dà á nù láàárín òru, wọ́n á fi òmíràn sí i. Lásìkò ọyẹ́, ẹ̀tù gbẹ dáadáa, ó sì ń yá. Ṣùgbọ́n àkísà tó ń jáde lẹ́nu ìbọn lè máa jó lọ sínú koríko. Ọdẹ tó bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ wá àkísà yẹn kó tó wá ẹran rẹ̀, nítorí pé oko kòkó ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà níwájú.

Ọjọ́ orí ìbọn náà ní tirẹ̀. Ju ìdajì ìwọ̀n ẹ̀tù dúdú lọ ni kì í di afẹ́fẹ́ bó bá jó. Ó ń di èéfín funfun àti ìdọ̀tí dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ inú irin. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yìn ín ní ìgbà mélòó kan, inú ìbọn ti há, ọta tó ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ á wá máa fi agídí wọlé. Ìwọ̀n àárọ̀ kì í ṣe ìwọ̀n ìrọ̀lẹ́ mọ́. Ìdọ̀tí yẹn sì ní iyọ̀ nínú, ó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, irin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Omi gbígbóná ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, kì í ṣe epo nìkan, nítorí pé omi ló ń tú iyọ̀. Lẹ́yìn tó bá gbẹ ni epo tó kàn án. Ìbọn tí bàbá bàbá ẹni lò, tí inú rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, kò lè gba ohun tó ń gbà nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Ní Birmingham, níbi tí ọ̀pọ̀ ìbọn tó wá sí etíkun wa ti jáde, òfin 1813 dá ilé ìdánwò kan sílẹ̀ tó ń fi ẹ̀tù tó ju ti ojoojúmọ́ lọ dán irin wò kí wọ́n tó tà á. Ní abúlé, ọdẹ ni ilé ìdánwò ara rẹ̀. Ó ń fi ìka wá ibi tó wú lára irin, ó ń wo ibi tí wọ́n jó o pọ̀ sí, ó sì ń dín ìwo kù lọ́dọọdún láìsọ fún ẹnì kankan.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ọdẹ ti gba ìbọn oníkàtíríìjì. Ilé iṣẹ́ ti bá wọn yan ẹ̀tù, ti bá wọn ka ọta. Ohun tó kù fún wọn ni kí wọ́n ka nọ́ńbà tó wà lára páálí. Ẹ̀tù inú rẹ̀ kì í ṣe dúdú mọ́. Irú rẹ̀ ti wà láti 1884 tí Paul Vieille ti ṣe é ní ilẹ̀ Faransé, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rú èéfín, agbára rẹ̀ sì ju ti ẹ̀tù dúdú lọ ní ìlọ́po. Ẹni tó bá tú u jáde láti inú kàtíríìjì, tó dà á sínú ṣakabùlà ní ìwọ̀n ìwo àtijọ́, kò ní yìnbọn lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn àgbà kì í ṣàlàyé púpọ̀ lórí èyí. Wọ́n kàn kọ̀ ọ́ fún ọmọ wọn ni. Òfin náà mọ ìyàtọ̀: Òfin Ìbọn ti 1959 ní Nàìjíríà ya ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹnu sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù, ó sì ní kí ẹni tó ni ín gba ìwé àṣẹ.

Ibi tí ìwọ̀n ti máa ń ṣòro jù kì í ṣe inú igbó rárá. Ibi òkú ọdẹ ni. Bí àgbà ọdẹ bá lọ, ẹgbẹ́ á pé, wọ́n á sun ìrèmọ̀jé, wọ́n á sì yìnbọn ẹ̀yẹ fún un. Kò sí ọta nínú ìbọn ẹ̀yẹ, ẹ̀tù àti àkísà nìkan ni, nítorí náà àwọn ọ̀dọ́ á rò pé kò sí ewu. Ènìyàn pọ̀, ìlù ń dún, àwọn obìnrin ń wò, olúkúlùkù sì fẹ́ kí tirẹ̀ dún ju ti ẹnì kejì lọ. Wọ́n á bu kún un, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ le kankan. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ti rí àgbà kan tó yìn tirẹ̀ sókè pẹ̀lú ìwọ̀n tó ń bá lọ sóko lójoojúmọ́. Ó dún kì, èéfín rẹ̀ gòkè, ó sì kúrò lójú agbo. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó tẹ̀ lé e mi ilẹ̀ tìtì, gbogbo agbo sì hó yèè.

Mo rò pé agbo náà gbé oríyìn fún ẹni tí kò tọ́ sí. A kò lè rí ìbọn tí kò bẹ́, a kò sì lè gbọ́ ẹ̀tù tí ọdẹ dà padà sínú àdó, nítorí náà iṣẹ́ tó dára jù níbẹ̀ kì í ní òǹwòran. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọ̀gá láàárín wọn, kó má fi etí yàn án nígbà àríyá. Kó wo ìdí ìbọn rẹ̀ bóyá irin ibẹ̀ wú. Kó wo ojú rẹ̀ méjèèjì. Kó sì ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Bí ọkùnrin kan bá ti ń ki ìbọn láti ìgbà èwe, tó wá darúgbó tí ìka rẹ̀ ṣì pé mẹ́wàá, òun ni kí a fa ọmọ wa lé lọ́wọ́ kó kọ́ ọ níṣẹ́.